Ìmúra Òṣìṣẹ́ Ọba

Àwọn àgbà ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí kan òṣìṣẹ́ ọba ní Sábọ̀n Gàrí, Kánò, gidigidi. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní ọdún 1911, tí àwọn akọ̀wé àti oníṣòwò láti gúúsù sì tẹ̀lé e wá, ni onírúurú ẹ̀yà ti ń gbé àdúgbò náà. Kí ará ìlú tó gbọ́ èdè òṣìṣẹ́, yóò ti rí aṣọ rẹ̀.

Ìwé Òfin Iṣẹ́ Ọba ti ìjọba àpapọ̀ ka ìmúra tí kò bójú mu lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ ìwà àìtọ́, bí ó ti ka àìbọ̀wọ̀ fún ará ìlú mọ́ ọn. Ìwà àìtọ́ tí a bá wádìí tí ó sì dájú lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni.

Síbẹ̀, kì í ṣe aṣọ olówó ńlá ni a ń béèrè. Aṣọ tí a fọ̀ tí a sì lọ̀, irun tí a tọ́jú, èékánná tí a gé, ara tí kò rùn: èyí kò kọjá agbára ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré jù lọ.

Òṣìṣẹ́ ni òfin yìí dè. Kò de ẹni tí ó wá gba ìwé. Alábàárù tí ó ti Ọjà Sábọ̀n Gàrí wá, tàbí mẹkáníìkì tí epo ta sí láṣọ, kò gbọdọ̀ dúró pẹ́ ju aláṣọ ńlá lọ. Abala 23 nínú Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ka iyì iṣẹ́ mọ́ ìlànà ìwà Nàìjíríà. Èérí iṣẹ́ kì í ṣe àbùkù. Òṣìṣẹ́ tí ó wọṣọ dáadáa, ṣùgbọ́n tí ó ń fi aṣọ díwọ̀n ènìyàn, kò tíì múra tán.