Ìdánrawò tó di ogun gidi: Bí ọmọ ogun Amẹ́ríkà 749 ṣe kú kí wọ́n tó dé ojú ogun

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n lóṣù kẹrin ọdún 1944, lásìkò ogun Hítílà, ibi tí wọ́n ti ń múra ogun sílẹ̀ gan-an ni ikú ti pa àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan ní etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Tí wọ́n bá dárúkọ ogun náà ní Òjòkú tàbí Ọ̀fà, Bọ́mà lọkàn àgbàlagbà máa ń lọ, torí ọ̀hún ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà lọ. Lọ́dún kan náà, Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ń múra láti gba ilẹ̀ Faransé lọ́wọ́ Hítílà. Slapton Sands, lágbègbè Devon, ni wọ́n ti rí etíkun tó jọ ti Faransé. Nígbà tí ọdún 1943 ń parí lọ, wọ́n ní kí nǹkan bí 3,000 èèyàn tó ń gbé àwọn abúlé ibẹ̀ kó ẹrù wọn, kí wọ́n fi ilé àti oko sílẹ̀.

Exercise Tiger ni wọ́n pe ìdánrawò náà. Lóru ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, ọkọ̀ ojú omi ńlá 8 tó kó sójà àti mọ́tò ogun ń bọ̀ létíkun. Ọkọ̀ ogun méjì ló yẹ kó sìn wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti kọlu ọkọ̀ mìíràn, wọ́n ń tún un ṣe. Ẹyọ kan péré ló tẹ̀lé wọn. Wọ́n tún ti ṣi nọ́ńbà rédíò kọ sínú ìwé àṣẹ. Nígbà táwọn Gẹ̀ẹ́sì rí i pé ọkọ̀ Jámánì ń bọ̀, ìkìlọ̀ náà ò dé etí àwọn Amẹ́ríkà.

Ọkọ̀ Jámánì kéékèèké 9 ló yọ sí wọn nínú òkùnkùn. Tọ́pídò wọn ri ọkọ̀ méjì, ó ba ẹ̀kẹta jẹ́ gidigidi. Ọ̀pọ̀ tó bẹ́ sómi ló so bẹ́líìtì aláfẹ́fẹ́ mọ́ ìbàdí dípò abẹ́ apá, ẹrù ẹ̀yìn wọn sì dorí wọn kodò. Òtútù omi pa àwọn mìíràn. Iye òkú tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ ni 749.

Mẹ́wàá nínú àwọn ọ̀gá tó wà nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn mọ àṣírí ogun Faransé. Wọn ò sinmi títí wọ́n fi rí òkú gbogbo wọn. Wọ́n kìlọ̀ fáwọn tó yè pé wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí gbọ́ pé ọmọ kú, wọn ò mọ bó ṣe kú.

Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́gbọ́n. Wọ́n tún ọ̀rọ̀ rédíò ṣe, wọ́n kọ́ sójà bí wọ́n ṣe ń so bẹ́líìtì, wọ́n ṣètò ọkọ̀ tí yóò máa yọ èèyàn nínú omi. Lọ́jọ́ 6 oṣù kẹfà, ní etíkun Utah tí wọ́n ń dánra wò fún, àwọn tó kú àtàwọn tó fara gbọgbẹ́ jẹ́ nǹkan bí 200. Ìdánrawò pa ju ogun lọ.

Lọ́dún 1984, Ken Small, ará àdúgbò náà, wọ́ táǹkì ogun kan jáde lábẹ́ òkun, ó gbé e kalẹ̀ sí Torcross. Ibẹ̀ ló wà dòní, kí ẹni tó bá ń kọjá lè bèèrè àwọn tó ni ín.