Máàpù Èkó àti ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà: ohun tó yẹ kí olùkọ́ jíógíráfì kọ́ kí ó tó dé kíláàsì

Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé jíógíráfì kò ju òkè, odò àti orúkọ olú-ìlú lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tún ń sọ ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé, ẹni tí wọ́n gbà láàyè níbẹ̀, àti ẹni tí wọ́n lé kúrò. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹni tó ń ka NCE tàbí dìgírí láti di olùkọ́ jíógíráfì gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń ṣàlàyé ẹlẹ́yàmẹ̀yà fún ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí á fi Erékùṣù Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Ìsàlẹ̀ Èkó ni Ìga Ìdúngànràn, ààfin Ọba, wà. Olówógbowó ni àwọn Sàró tó ti Sierra Leone dé tẹ̀dó sí. Pópó Àgùdà ni àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ní Brazil àti Cuba kọ́lé sí. Marina sì ni ti àwọn òyìnbó. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 so púpọ̀ nínú wọn pọ̀: Mohammed Shitta, tí wọ́n bí ní Sierra Leone, ló náwó sí i, João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ló kọ́ ọ, Sultan Turkey ló sì fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá.

Nígbà tó di mímọ̀ ní 1897 pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, àwọn aláṣẹ kan ní kí òyìnbó máa gbé jìnnà sí aláwọ̀ dúdú. Gómìnà William MacGregor, tí òun náà jẹ́ dókítà, kò fara mọ́ ọn. Ìtọ́jú gbogbo ìlú àti oògùn kuníìnì ló fẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìkòyí di àdúgbò àyàsọ́tọ̀ fún òyìnbó. Ní 1947, òtẹ́ẹ̀lì Bristol kò gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, láyè láti sùn, torí pé aláwọ̀ dúdú ni. Ará ìlú fárígá, Gómìnà Arthur Richards sì pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin.

Olùkọ́ tí kò mọ ìwọ̀nyí yóò kàn sọ fún ọmọ pé Ìkòyí lẹ́wà, Ìsàlẹ̀ Èkó há. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó yóò sì rò pé ìdọ̀tí àwọn òbí òun ló fà á.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ lọ́la. Èkíní, kí wọ́n máa bi ọmọ léèrè pé ta ló fa ààlà yìí, kí sì nìdí rẹ̀? Èkejì, kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀yà tàbí àwọ̀ ọmọ kankan ṣe àpẹẹrẹ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n sọ òótọ́ nípa tòní: owó ló ń ya Ìkòyí sọ́tọ̀ báyìí, àwa aláwọ̀ dúdú pàápàá sì ń pe ara wa ní àjèjì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró de olùkọ́. Bílálì, aláwọ̀ dúdú tó ti ṣẹrú rí, ni Ànábì wa yàn láti kọ́kọ́ pe ìrun. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ yín, kí ẹ sì ṣọ́ ohun tí ẹ ń sọ nílé nípa àwọn tí ẹ jọ ń gbé àdúgbò. Kí Ọlọ́hun fún wa ní òye.