Ìdin fún ẹja àrọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja, ẹ mọ̀ pé oúnjẹ ẹja ni ó ń kó owó lọ jù. Ìdin lè dín ìnáwó náà kù. Ní Àjàṣẹ́, ibùdó àgbẹ̀ Songhaï, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, ń fi ìdin bọ́ ẹja.

Ẹ gbé bàsíà tó fẹ̀ sí abẹ́ ibòji, jìnnà sí ilé, sí ibi ìdáná àti sí kànga. Ẹ da ìgbẹ́ adìẹ sínú rẹ̀, kí ẹ fi ìfun ẹran díẹ̀ lé e. Ẹ wọ́n omi sí i, kí ó tutù, kí ó má ṣàn. Ẹ má bò ó: ẹ jẹ́ kí eṣinṣin bà á, kí wọ́n yé ẹyin sí i. Lọ́jọ́ kejì, ẹyin á ti pa. Òórùn rẹ̀ kò dára, a kò ní purọ́ fún yín.

Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ kó ìdin. Ìdin kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ẹ tẹ́ ìgbẹ́ náà fẹ́lẹ́ sínú ajere, ẹ gbé ajere lé orí bàsíà mìíràn nínú oòrùn. Ìdin á máa sá fún oòrùn, á sì máa gba ojú ihò ajere bọ́ sínú bàsíà. Ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ fún ẹja ní ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù nínú omi á jẹrà.

Ẹ ka ọjọ́ dáadáa o! Bí ẹ bá gbàgbé, ìdin á di eṣinṣin, eṣinṣin á sì gbé ìgbẹ́ gbuuru wá sórí oúnjẹ àwọn ọmọ. Bí ìrìn àjò bá dé láìròtẹ́lẹ̀, ẹ da gbogbo rẹ̀ fún adìẹ kí ẹ tó lọ.