Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Òṣùpá: Ta Ni Ayàwòrán Ojú Sánmà?

Ní Alímọ̀ṣọ́ l'Ékòó, bí a bá gba oríta Ìkọ̀tún kọjá sí ọ̀nà Ìgàndò, ojú sánmà tí a óò rí lára ògiri àti òpó iná pọ̀ ju èyí tí a óò rí lókè lọ. Lẹ́yìn wòlíì tó ń pe ènìyàn wá síbi ìṣọ́ òru, ìràwọ̀ ni. Lẹ́yìn akọrin ẹ̀mí tó fẹ́ gbé orin tuntun jáde, ìràwọ̀ ni. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ń wá ọmọ kò gbẹ́yìn: ọmọdé tó wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde dúró lórí ayé, ìkúukùu aláwọ̀ àlùkò sì yí i ká. Ẹni tó to gbogbo rẹ̀ kì í sábà kọ orúkọ síbẹ̀, àfi nọ́ńbà fóònù tíntín kan nísàlẹ̀. Oníṣẹ́ flex, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n ń tẹ ìpolówó sí, ni àdúgbò ń pè é. Òun ní tirẹ̀ á ní ayàwòrán lòun.

Ẹjọ́ rẹ̀ kò burú. Yíya ohun tó wà lójú sánmà jíjìn jẹ́ iṣẹ́ tó ti fìdí múlẹ̀ láyé. Àwọn tó ń ṣe é ti ní ẹgbẹ́ àgbáyé láti 1982. Chesley Bonestell, ará Amẹ́ríkà, ya Saturn bí yóò ṣe rí lójú ẹni tó bá dúró lórí Titan, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá rẹ̀. Ìwé ìròyìn Life gbé e jáde ní 1944, ọdún mẹ́tàlá kí Sputnik, sátẹ́láítì àkọ́kọ́, tó gbéra. Ní 1962, àjọ NASA dá ètò kan sílẹ̀ tó ń pe àwọn ayàwòrán wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Norman Rockwell àti Robert Rauschenberg wà lára àwọn tó jẹ́ ìpè náà. Ọ̀gá NASA nígbà yẹn ni James Webb, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹ̀rọ awò ńlá tó gòkè ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 2021. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ìfẹ́ ẹwà lásán ló bí irú ètò bẹ́ẹ̀. Owó orí ará ìlú ni àjọ náà ń ná, ó sì nílò ẹni tí yóò jẹ́ kí ojú wọn rí ibi tí owó náà bá lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni ti àwọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti rí àwòrán òpó gáàsì àti eruku mẹ́ta tí ẹ̀rọ awò Hubble yà nínú ìkúukùu gáàsì tí wọ́n ń pè ní Eagle Nebula ní 1995. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ń rìn fún nǹkan bí 6,500 ọdún kó tó kàn wá lára. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà Hubble kì í ya àwọ̀. Dúdú àti funfun ló ń yà. Wọ́n á fi asẹ́ bo ojú rẹ̀, ọ̀kan fún ìmọ́lẹ̀ hydrogen, ọ̀kan fún ti oxygen, ọ̀kan fún ti sulphur. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á ní kí sulphur jẹ́ pupa, kí hydrogen jẹ́ àwọ̀ ewé, kí oxygen jẹ́ búlúù. Bẹ́ẹ̀, pupa ni ìmọ́lẹ̀ hydrogen àti ti sulphur tí asẹ́ yẹn gbà, àwọn méjèèjì. Tí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, ojú kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti Webb tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà, ojú ènìyàn kò lè rí i rárá. Èyí tí ìgbì rẹ̀ gùn jù ni wọ́n ń fún ní pupa, èyí tí tirẹ̀ kúrú jù ni wọ́n ń fún ní búlúù.

Ṣé irọ́ ni nígbà náà? Àwọn kan ní irọ́ gbáà ni, pé NASA ń kun òfurufú bí ẹní kun ìyàwó tuntun. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní rárá o, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń tọ́ka sí, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n kà yóò rí ibi tí gáàsì wo wà. Ìdáhùn wọn dára, àmọ́ kò tíì parí ọ̀rọ̀. Elizabeth Kessler, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2012, fi hàn pé àwọn àwòrán Hubble jọ àwòrán òkè àti àfonífojì ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà tí Thomas Moran àti Albert Bierstadt yà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ní òfurufú, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Ènìyàn ló pinnu pé kí àwọn òpó yẹn nàró ṣánṣán, ènìyàn ló pinnu bí òjìji wọn ṣe máa dúdú tó.

Àwọn àgbà ní àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ojú kan náà la fi ń wo ayàwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀: a rò pé onímọ̀ á kọ́kọ́ rí òótọ́ tán, kí ayàwòrán tó wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí àwòrán náà tó kúrò nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣètò àwòrán Hubble àti Webb ní Baltimore ni ọwọ́ ọlọ́nà ti kàn án.

Ẹ tún wo ìràwọ̀ inú àwọn flex yìí fínnífínní. Èyí tó bá ní ìtànṣán mẹ́rin tó gún bí àgbélébùú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti Hubble. Èyí tó bá ní mẹ́fà gígùn àti méjì kúkúrú, ti Webb ni. Ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní ọ̀kankan. Àwọn ọ̀pá tó gbé dígí kékeré dúró níwájú dígí ńlá ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká bẹ́ẹ̀. Ní ti Webb, etí dígí ńlá náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ayàwòrán tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe àdàkọ lórí kánfáàsì á fi sùúrù fa ìtànṣán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á gbà pé ògo ọ̀run lòun ń yà. Ọ̀pá ẹ̀rọ ló ń yà.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ ṣọ́ọ̀bù oníyàrá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, irú èyí tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń han lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ṣí CorelDraw, ó wá nebula kan lórí Google, ó sì dorí rẹ̀ kodò kó má baà jọ ti oníbàárà àná. Àwọ̀ ọsàn inú rẹ̀, ó sọ ọ́ di àlùkò, torí àlùkò ni àwọ̀ ìjọ náà. Ó gé pásítọ̀ kúrò lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ìmọ́lẹ̀ yí i lórí ká, ó ta mọ̀nàmọ́ná kan sí apá ọ̀tún. Ẹni tí ìjọ rán wá nà ọrùn wò ó. “Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kó tàn sí i.” Ó tàn sí i.

Kí ni ìyàtọ̀ èyí sí ti Baltimore? Àwọn náà ń yan àwọ̀, wọ́n ń pinnu ibi tí orí àwòrán á kọ sí, wọ́n ń jẹ́ kó tàn. Ìyàtọ̀ tí mo rí tóbi, kò sì sí nínú bí àwòrán ṣe dán tó: ti Baltimore ń kọ ohun tó ṣe sílẹ̀. Asẹ́ báyìí, àwọ̀ báyìí, òkè àwòrán kọjú sí ibí. Tiwa kì í sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, àwòrán náà kò ná oníṣẹ́ flex ní kọ́bọ̀. NASA kì í sábà di àwọn àwòrán rẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, bí ènìyàn kò bá ti lo àmì àjọ náà bí ẹni pé ó fọwọ́ sí ọjà rẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù tó wà nídìí Hubble àti Webb ń fún ènìyàn láyè bákan náà. Kí ó ṣáà kọ orúkọ orísun síbẹ̀ ni wọ́n béèrè fún. Flex mélòó ló ń kọ ọ́? Ní báyìí tí ẹ̀rọ ti ń fúnra rẹ̀ hun nebula tí kò sí níbì kankan ní òfurufú, ẹni tí kò bá kọ orísun ti da òótọ́ àti àlá pọ̀ mọ́ ara wọn fún ẹni tó ń wò ó.

Àwọn tó ti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà jáde ní ẹ̀sùn tiwọn. Wọ́n ní ẹni tí kò rí ojú sánmà kò lè yà á. Lóòótọ́, ta ló ń rí i ní Alímọ̀ṣọ́? Bí kì í ṣe ìkúukùu, ọyẹ́ ni. Bí kì í ṣe ọyẹ́, iná títì àti ti ilé ìjọsìn ni. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 ní ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ aráyé tí kò lè rí Milky Way, ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tí ayé wa wà nínú rẹ̀, mọ́ láti ibi tí wọ́n ń gbé, nítorí iná. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn yìí kò wọlé. Bonestell kò dé Titan. Àwọn ìyá aláró Abẹ́òkúta tó ń fi ìko di òṣùbàm̀bà sára àdìrẹ, òbìrìkìtì ńlá tí àwọn kéékèèké yí ká, òṣùpá tí gbogbo ìlú jọ ń rí ni wọ́n wò, wọ́n sì sọ ọ́ di nǹkan tí òṣùpá fúnra rẹ̀ kò lè dà. Ohun tí wọ́n fi kún un ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà.

Àwọn tó ń sọ pé àwọn ń ya ojú sánmà lọ́nà Áfíríkà ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ ńláńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kánfáàsì, owó rẹ̀ á sì ga bí òfurufú, àmọ́ àwòrán Amẹ́ríkà náà ni wọ́n gbé síbẹ̀, tí wọ́n lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́. Ọlọ́nà Yinka Shonibare, tí wọ́n bí ní London, tó dàgbà ní Èkó, ṣe ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó wọ aṣọ ankara fún arìnrìn-àjò òfurufú, ó gbé ẹrù lé e lẹ́yìn bí ẹni tí ogun lé kúrò nílé. Ìbéèrè ló fi bi wá níbẹ̀, kì í ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Bó bá sì jẹ́ àwòrán tí wọ́n yà láti ilẹ̀ wa là ń wá, ó wà. MeerKAT, ẹ̀rọ awò ìgbì rédíò ní Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n ṣí ní 2018, fi abọ́ 64 ya àárín gbùngbùn Milky Way. Ìgbì rédíò ló fi yà á, kò ní àwọ̀ kankan tẹ́lẹ̀; ayàwòrán ló kù sí lọ́wọ́. Ti Nàìjíríà náà wà, àmọ́ ilẹ̀ ni sátẹ́láítì tiwa ń wò. NigeriaSat-2, tó gòkè ní 2011, ni wọ́n ṣe kó lè rí ohun tó fẹ̀ tó mítà méjì àbọ̀. Òrùlé páànù Alímọ̀ṣọ́ láti òfurufú, tó ti dípẹtà, tó fẹsẹ̀ kọ́ra wọn, n kò tíì rí i lórí kánfáàsì ẹnikẹ́ni. Bóyá torí kò tàn ni.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ní kí ẹ wá ra ojú sánmà lọ́wọ́ òun, ẹ bi í: ibo lo ti rí i, kí lo yí padà, kí ló dé tó o fi yí i? Ẹni tó bá rí èsì fọ̀ sí gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ ọnà ló ń tà, ẹ má fi owó dù ú. Ẹni tí kò bá rí, flex ló ń tà. Kó gba owó flex.