Gẹ̀ẹ́sì inú Gẹ̀ẹ́sì: Bí ‘call up’ àti ‘call off’ ṣe lè da ọ̀rọ̀ rú mọ́ni lójú

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Mile 2, tó gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ lọ sí èbúté Tin Can ní Àpápá, yóò kọjá ní Coconut. Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tírélà fi tò gbọọrọ lójú ọ̀nà yìí, tí àwọn awakọ̀ ń sùn mọ́jú nínú ọkọ̀ wọn, tí wọ́n ń dúró de ìgbà tí yóò kàn wọ́n láti wọlé lọ gbé ẹrù. Awakọ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ nínú wọn kò ní ṣàì mọ ọ̀rọ̀ kan: “call-up.”

Bí wọ́n bá ní kí ẹni tó mọ “call” lọ́tọ̀, tó mọ “up” lọ́tọ̀, sọ ìtumọ̀ rẹ̀, yóò ní kí wọ́n pe èèyàn sókè ni. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń wòkè ní Coconut. Àṣẹ tí yóò jẹ́ kí ọkọ̀ máa bọ̀ ní èbúté ni wọ́n ń retí. Ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 2021 ni àjọ NPA, tó ń mójútó àwọn èbúté Nàìjíríà, gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára, orúkọ Yorùbá ni wọ́n sì fún un: “Ètò.” Ìlànà rẹ̀ ni pé kí tírélà dúró sí ibùdó ìgbọ́kọ̀sí títí wọn yóò fi pè é.

Awakọ̀ nìkan kọ́ ló ń gba “call-up.” Ọmọ tó bá jáde yunifásítì, tó fẹ́ lọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀, ń gba ìwé “call-up” lọ́wọ́ àjọ NYSC tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1973. Bí ogun bá sì dé, tí ìjọba ní kí àwọn ọ̀dọ́ wá wọṣẹ́ ológun, “call up” náà ni. Ìtumọ̀ kan ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: aláṣẹ ti pè ọ́, ó ti kàn ọ́, máa bọ̀.

Ẹ wá yọ “up” kúrò, kí ẹ fi “off” rọ́pò rẹ̀. Bí ìròyìn bá sọ pé ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ agbépo ti “call off” ìyanṣẹ́lódì wọn, wọ́n ti fòpin sí i nìyẹn. Bí wọ́n bá ní ẹgbẹ́ náà “call for” ìyanṣẹ́lódì, wọ́n ń ké sí àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Ẹni tí kò gbọ́ ju “call” lọ nínú rẹ̀ lè sáré ra epo bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì, kó kó o pamọ́ sínú ilé lọ́jọ́ tí ìjà ti parí. Owó lọ, ewu iná tún wọlé. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, lẹ́tà mẹ́ta péré, ló fà á.

“Phrasal verb” ni àwọn olùkọ́ ń pe irú èyí: ọ̀rọ̀-ìṣe tó ní ọ̀rọ̀ kékeré kan lẹ́yìn, tí ìtumọ̀ àwọn méjèèjì sì yí padà nígbà tí wọ́n pàdé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òyìnbó kàn fi dẹ pàkúté fún àlejò èdè rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá náà ní tiẹ̀, kódà àwọn onímọ̀ èdè ti fún un lórúkọ, wọ́n ń pè é ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là. Bí ẹnì kan bá ní, “Ó tàn mí jẹ,” kò sẹ́ni tó jẹ oúnjẹ kankan. Bí wọ́n bá ní òjò ba ọjà jẹ́, kò sẹ́ni tó lè ya “bà” sọ́tọ̀, kó ya “jẹ́” sọ́tọ̀, kó sì rí ìtumọ̀ fà yọ. Ẹ tún wo ibi tí “mí” jókòó sí: àárín gbùngbùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ pé “they turned him down,” ìyẹn ni pé wọ́n kọ ohun tó wá bá wọn fún. Àárín ni “him” wà. Ẹni tó bá sọ pé “they turned down him” ti ṣi í sọ.

Ọmọ Yorùbá tó bá fi èyí sọ́kàn ti rí ẹsẹ̀ kan mú nínú Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ tí “tán” ń ṣe fún Yorùbá ni “up” ń ṣe: “eat it up” ni jẹ ẹ́ tán, “use it up” ni lò ó tán. “Back” súnmọ́ “padà”: “give it back” ni dá a padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni yóò bọ́ sí i báyìí. “Give up” ni kéèyàn sọ̀rètí nù, “give in” ni kó juwọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíì, “give out” ni kó pín nǹkan fún àwọn èèyàn. Ìwọ̀nyí gba kíkọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà wà níbẹ̀. Nígbà tí òyìnbó bá ní ẹnì kan “kick the bucket,” kò sí korobá níbẹ̀, ẹni náà kú ni. Àwàdà ni wọ́n fi ń sọ ọ́, bí Yorùbá ṣe ń sọ pé ẹnì kan ta téru nípàá. Kò sẹ́ni tí yóò dúró níwájú ọmọ olóògbé kó sọ pé baba rẹ̀ ta téru nípàá, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọ “kick the bucket” sínú ìwé ìbánikẹ́dùn. “Pass away” ló yẹ ibẹ̀. Kí wọ́n má sì kọ “pass out,” nítorí ẹni tó dákú ni wọ́n ń sọ ìyẹn fún, tàbí agùnbánirọ̀ tó parí ìsìn rẹ̀.

Ní ọsibítù, ọ̀rọ̀ náà kò tún ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. “Bring up” lè jẹ́ kéèyàn tọ́ ọmọ dàgbà, ó sì lè jẹ́ kéèyàn bì. Bí dókítà bá bi ìyá bóyá ọmọ rẹ̀ ti “bring up” oúnjẹ tó jẹ, tí ìyá rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n ń bi òun, oògùn tí ọmọ náà yóò gbà lè yàtọ̀.

Ní Ajégúnlẹ̀, tí ẹ̀yà oríṣiríṣi ń gbé pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì pijin ni gbogbo wọn fi ń gbọ́ ara wọn yé. Ọmọ tó dàgbà síbẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú èdè abínibí ni ọ̀pọ̀ àkànlò rẹ̀ ti wá. Ọmọ Yorùbá tó ń jáde lọ lẹ́nu iṣẹ́ á ní, “I’m coming,” nítorí pé “mò ń bọ̀” ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀gá òyìnbó á wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ, kò ní í yé e.

Àwọn kan nínú Gẹ̀ẹ́sì tiwa yìí ti wọ ìwé. Lóṣù Kìíní, ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford English Dictionary kéde àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà tó fi kún tiẹ̀. “Eat money” wà níbẹ̀, tó bá “jẹ owó” mu rẹ́gí. “Rub minds” wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni “put to bed” fún obìnrin tó bímọ. Síbẹ̀, ọkùnrin tó bá sọ ọ́ ní ìlú London pé ìyàwó òun ti “put to bed,” wọ́n lè rò pé ó lọ tẹ́ ọmọ sùn ni.

Ìdánwò JAMB kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, àkànlò èdè sì máa ń jáde níbẹ̀. Ọ̀nà tí ọmọ yóò fi mọ̀ ọ́n kò ju bí àwọn àgbà ṣe kọ́ òwe lọ. Kò sẹ́ni tó jókòó ha òwe ọgọ́rùn-ún sórí lọ́jọ́ kan. Wọ́n gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti pa á, wọ́n rí ohun tó fà á, wọ́n tún un pa nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Kí ọmọ mú ẹyọ kan lójúmọ́ pẹ̀lú odidi gbólóhùn tó ti bá a pàdé, kó sì wá ọ̀kan tó jọ ọ́ nínú Yorùbá.

Ibí yìí ni àwọn òbí àgbà ti wúlò. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò rẹlẹ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Lóṣù Kọkànlá, ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àmọ́ lóṣù Kọkànlá, ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Ilé ló kù báyìí. Bí ọmọ-ọmọ bá gbé “turn down” wá láti ilé ìwé, kí bàbá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì má ṣe lé e dànù. Kó bi í pé, “Kí ni wọ́n ń sọ lédè wa?” Bí ọmọ bá lè dáhùn, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.