Yíyan Ẹ̀rọ Ayàwòrán fún Abẹ́ Omi

Ẹni tí ó bá lọ sí Ẹ̀sìẹ́ láti wo àwọn ère òkúta tí ó lé ní 1,000 nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1945, kò ní rí wàhálà púpọ̀ bí a bá gbà á láyè láti yà wọ́n. Ère kì í mira, afẹ́fẹ́ kì í sì í ba ẹ̀rọ ayàwòrán jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá kọjá lọ sí ibi tí omi Òwu ti ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta gíga, tí ó sì fẹ́ ya ohun tí ó wà nísàlẹ̀ omi, ọ̀ràn di méjì. Omi kì í bá ẹ̀rọ ṣọ̀rẹ́. Nítorí náà, ó yẹ kí ènìyàn mọ irú omi tí yóò wọ̀ kí ó tó yan ẹ̀rọ tí yóò mú wọ̀ ọ́.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1856, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ William Thompson gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sínú àpótí, ó sì fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ sínú òkun ní Weymouth. Omi wọ inú àpótí náà, síbẹ̀ àwòrán kan tí kò hàn dáadáa kù. Ní ọdún 1893, Louis Boutan, ará Faransé, mòòkùn fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1963, ilé iṣẹ́ Nikon gbé Nikonos jáde, ẹ̀rọ kékeré tí ń wọ omi láìsí àpótí.

Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà pàápàá, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti fi ohun ìyanu han aráyé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé lójú òkun Escravos, ó sì rì sí ìsàlẹ̀ tó nǹkan bí mítà 30. Nínú àwọn 12 tí ó wà nínú rẹ̀, Harrison Okene tí í ṣe alásè nìkan ni ó yè. Ó wà nínú ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí ó há sínú ọkọ̀ náà fún nǹkan bí wákàtí 60, títí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń mòòkùn fi bá a. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wọ omi ni ó ya bí ọwọ́ rẹ̀ ti nà jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ẹni tí ń fi omi ṣeré kò nílò irú rẹ̀.

Èyí tí ó lè rà pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkínní ni èyí tí a fi ike bò, tí fíìmù rẹ̀ ń ya àwòrán 27, tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì lè dé nǹkan bí mítà 10. Ṣùgbọ́n a kò lè mọ bí àwòrán ti rí títí a ó fi fọ fíìmù náà. Èkejì ni ẹ̀rọ kékeré tí a ti dí gbogbo ojú ihò rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Olympus Tough TG-6, tí ó jáde ní ọdún 2019, tí àwọn tí ó ṣe é ní ó lè dé mítà 15. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ lásán tí a tì mọ́ inú àpótí ike líle. Púpọ̀ nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè dé mítà 40, ṣùgbọ́n wọ́n tóbi, owó wọn sì le.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè ni pé, báwo ni a ó ti jìn tó? Bí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 10, omi yóò fi agbára tí ó tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ ayé kún èyí tí ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Bí ó bá tún sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 10 mìíràn, agbára náà yóò tún pọ̀ sí i bákan náà. Ẹni tí ń séèémí wẹ odò kì í sábà kọjá mítà mélòó kan. Ẹ̀rọ kejì tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì gbà á láyè dé mítà 18, ti kọjá agbára ẹ̀rọ mítà 15. Àfi kí ó wá àpótí. Kí a má sì gbé fóònù wọ odò nítorí pé a kọ IP68 sí i lára. Omi tútù tí ó dúró jẹ́ẹ́ ni a fi dán an wò, kì í ṣe omi òkun tàbí ti odò tí ń ṣàn kíkan.

Ohun kejì ni àwọ̀ omi. Omi a máa gbé àwọ̀ pupa mì kíákíá. Aṣọ pupa a dà bí eérú ní ìsàlẹ̀. Nítorí náà, kí a yan ẹ̀rọ tí ó ní ètò fún abẹ́ omi, tí ó sì lè ya ohun tí ó sún mọ́ ọn gan-an, nítorí bí omi tí ó wà láàárín bá ti kéré tó ni àwòrán ti ń mọ́ tó. Nígbà òjò, tí odò ilẹ̀ Ìgbómìnà bá pọ́n nítorí ẹrẹ̀, kò sí ẹ̀rọ olówó iyebíye tí ó lè ríran nínú rẹ̀. Bí a bá tan iná ẹ̀rọ sí i, ẹrẹ̀ náà ni yóò kún àwòrán bí ẹ̀fúùfù eruku. Ó sàn kí a dúró de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Lẹ́yìn rírà, ìtọ́jú ló kù. Irun kan tàbí yanrìn kan lórí òrùka rọ́bà tí ń dí ẹnu àpótí tó láti jẹ́ kí omi wọlé. Kí a kọ́kọ́ ri àpótí òfìfo sínú omi pẹ̀lú bébà gbígbẹ nínú rẹ̀. Bí bébà kò bá tutù, kí a tó fi ẹ̀rọ sí i. Bí a bá ti inú òkun jáde, kí a fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan ẹ̀rọ náà kí a tó ṣí i.

Lékè gbogbo rẹ̀, àwọn àgbà ní, òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Òkúta etí odò a máa yọ̀, ẹni tí ó sì tẹjú mọ́ ẹ̀rọ kì í rí ibi tí omi ń gbé e lọ. Kí a so ẹ̀rọ mọ́ ọrùn ọwọ́, kí a má sì dá nìkan wọ odò. Bí ẹ̀rọ bá bọ́ sómi, a lè ra òmíràn. Ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.