Omi Gbígbóná Kọ́ Ló Tàn Án, Kò sì Lè Wò Ó

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Èjìgbò, 

Ọ̀kan nínú wa tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ló dìde nípàdé. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ̀yìn ti ń dun baálé òun. Alaalẹ́ lòun ń gbé omi kaná, tòun ń fi táwẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ ní ìbàdí, tòun ń fi Robb pa á. Bàbá á sì sùn. Ìgbà tí ẹsẹ̀ wúwo, tí ìtọ̀ kò dá geere mọ́, ni wọ́n tó lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní jẹjẹrẹ próstéètì ni, ó sì ti dé eegun ẹ̀yìn. Ló bá bú sẹ́kún: "Ṣé omi gbígbóná mi ló tàn án kálẹ̀ ni?"

Rárá o, ìyá. Próstéètì ò ju awùsá lọ, abẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin ló wà. Jẹjẹrẹ rẹ̀ máa ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí eegun ẹ̀yìn àti ìbàdí fúnra rẹ̀. Omi gbígbóná ń mú kí ara rọ̀ ni, kò dé ibi tí àrùn wà. Àkókò ló gbà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí jẹjẹrẹ bá ti wọ eegun, ẹ má fi agbára wọ́ ọ o, eegun lè ṣẹ́.

Àwọn kan ní ooru ń pa jẹjẹrẹ. Lóòótọ́, àwọn dókítà kan ń fi ẹ̀rọ tó ń mú ooru wá ran ìtọ́jú lọ́wọ́, àmọ́ ìkòkò omi wa kọ́ nìyẹn.

Òun ni jẹjẹrẹ tó pọ̀ jù lára ọkùnrin ní Nàìjíríà. Wọ́n rí i lára Nelson Mandela lọ́dún 2001, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì gbé ayé títí di 2013.

Bí baálé yín bá ń jí tọ̀ lóru lemọ́lemọ́, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀, tàbí tí ẹ̀yìn ń dùn ún tí kò lọ, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni jẹjẹrẹ; próstéètì àgbàlagbà a máa wú lásán. Àmọ́ ó lè má fi àmì kankan hàn níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ti tó ọmọ ọdún 45, kó bi dókítà nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA. Bí ẹsẹ̀ bá kú tìpìrì, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ̀yin tí ọkọ yín wà ní Àbíjáǹ, ẹ pè wọ́n lórí fóònù.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọlọ́run á dá àwọn baálé wa sí. Àmín.